Ẹyin Tó Léfòó

Lọ́dún kejì tí Haute-Volta gba òmìnira, ọkùnrin kan wà ní Tampouy, ní Ouagadougou, tó ń tún alùpùpù ṣe. Kò tíì ju ọdún kan lọ tó ti Nàìjíríà dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á pa ṣọ́ọ̀bù dé, á lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ Láńrewájú, àgbà tíṣà ará Ìbàdàn kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀: "addled."

Ọkùnrin náà á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á wá gbé ẹyin ọ̀bu kan kalẹ̀. Mariama ẹlẹ́yin ní ọjà Sankaryaré ló ń bá a ṣà á sọ́tọ̀. Tíṣà á sọ ẹyin náà sínú abọ́ omi, á sì léfòó.

"Omi ìdọ̀tí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí pè," ni yóò wí. "Nígbà tó yá, ó di ti ẹyin tí adìẹ sàba lé títí tí kò pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kan orí ẹni tí èrò inú rẹ̀ dàrú. Èèpo ò ní sọ fún ọ o. Ṣó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

Lọ́jọ́ kejì, á tún béèrè ọ̀rọ̀ kan náà.

Mojí, ìyàwó tíṣà, á gbé oúnjẹ fún àwọn méjèèjì, á bá ọkọ rẹ̀ yí fìlà tó dé sódì padà, á sì wọlé. Ọkọ á tẹ̀ lé e, á máa ráhùn pé òun kàn ń da omi sínú agbọ̀n ni, pé àánú bàbá tó bí olódo yìí ń ṣe òun. Á wá yọ lẹ́tà Délé, ọmọ wọn, lápò. Ojú ibi tí wọ́n ká a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Àjàní mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn," á wí. "Ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, sùúrù tíṣà tán. Ó ní kí ọkùnrin náà wá olùkọ́ mìíràn lọ, òun ò fẹ́ kí Délé dé bá òun lẹ́nu iṣẹ́ òfò.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi, sà. Wákàtí kan yìí náà ni mo ní."

Láńrewájú wò ó títí, àánú ṣe é. Ó ní kó padà wá lọ́la.

Mojí sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọn eruku ìdọ̀bálẹ̀ kúrò láyà rẹ̀, ó ní, "Àjàní, o ṣeun, lọ́la, mú ẹyin mìíràn wá fún bàbá ẹ."