Àwọn Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Ara Wọn Jà ní Ilé Ẹyin Sakété

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ kà á dé òpin. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú gan-an ló kàn jù.

Pacôme, ọmọ Pobè, ni ọ̀gá ẹ̀rọ ní ilé ńlá kan ní Sakété, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin adìyẹ. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ ooru, òmíràn ń ṣọ́ ọ̀rinrin, òmíràn ń ṣọ́ atẹ́gùn. Bí nǹkan bá yí padà, wọ́n á mọ̀, wọ́n á sì tún un ṣe fúnra wọn. Pacôme ló tò wọ́n. Ó ní kò sí irú òun títí dé Àjàṣẹ́.

Nígbà tí àwọn obìnrin tó ń sin adìyẹ ní ìlú Yoko fẹ́ kó ẹyin wá kí wọ́n bá wọn pa á, Elvire, ẹnjiníà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, sọ fún un pé:

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ dán àwọn ẹ̀rọ yìí wò. Ẹ jẹ́ ká tan gbogbo wọn pọ̀, ká yí ọ̀kan díẹ̀, ká wo ohun tí àwọn yòókù máa ṣe.”

Pacôme rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dára, kí ló kù? Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́?”

Wọ́n kó ẹyin wọlé. Ọjọ́ tó yẹ kí òròmọdìyẹ máa ké, ilé pa rọ́rọ́. Gbogbo wọn ti kú sínú èèpo.

Màmá Èjìdé, aṣáájú àwọn obìnrin náà, mú ẹyin kan dání. Kò pariwo. “Pacôme ọmọ mi, a ti kọ́lé adìyẹ sílẹ̀. Kí ni kí n wí fún àwọn tó rán mi?”

Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Elvire. Ojú tì í dé egungun. Ṣùgbọ́n kò sá lọ. Ó tọ Elvire lọ: “Àbúrò, ìgbéraga ló bò mí lójú. Jọ̀ọ́, fi ohun tí mi ò rí hàn mí.”

Elvire tan gbogbo ẹ̀rọ, ó fi ooru díẹ̀ kún ti yàrá kan. Kíá, ẹ̀rọ ọ̀rinrin rí i pé afẹ́fẹ́ gbẹ, ó fọ́n omi. Omi mú yàrá tutù, ẹ̀rọ ooru tún gbóná sí i. Ni fáànù ẹ̀rọ atẹ́gùn bá ṣí gbayawu nítorí ooru náà, ó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá kejì mọ́ra, tìyẹn náà sì dàrú! Kálukú ń ṣe tirẹ̀ bó ti yẹ, ohun tí ọ̀kan ń tò lèkejì ń tú.

“Yéè!” Pacôme di orí mú. “Ìjà ni wọ́n ń jà, èmi ń yìn wọ́n!”

Àwọn méjèèjì jókòó ti iṣẹ́ náà. Wọ́n dín eré fáànù kù, wọ́n so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ kí ọ̀kan má ṣe dá nǹkan ṣe láìmọ ohun tí èkejì ń ṣe. Wọ́n ń yí i, wọ́n ń wò ó, láti yàrá dé yàrá, títí gbogbo ilé fi rọlẹ̀ bí ẹni tó sùn.

Màmá Èjìdé gbà láti tún kó ẹyin wá. Nígbà tí ọjọ́ pé, Elvire ṣílẹ̀kùn: ṣíọ́ṣíọ́, ṣíọ́ṣíọ́! Òròmọdìyẹ kún ilẹ̀ bí òdòdó. Àwọn obìnrin Yoko bú sórin, ijó bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé Pacôme sókè, ṣùgbọ́n òun ló na ọwọ́ Elvire sókè pẹ̀lú omijé ayọ̀: “Ọ̀gá mi rèé!”

Ìwọ tó ń ka èyí, má ṣe wo apá kan iṣẹ́ rẹ kó o ní gbogbo rẹ̀ ti pé. Ẹni tó bá sì ní kó o tún un wò, má ṣe fi ṣẹ̀sín. Igi kan kì í dá igbó ṣe.