Àdó Tó Yẹ Kó Wà Nínú Igbó

Ògúnjìnmí kò gbà pé ó yẹ kí èèyàn wọn nǹkan kó tó lò ó. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì tó o. Bó bá ń se ìrẹsì, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí dókítà bá ní kó lo hóró oògùn méjì, mẹ́ta ni yóò gbé mì, yóò ní òun ló mọ ara òun. Ó kàwé físíìsì jáde ní yunifásítì, ọmọ ọdẹ sì ni pẹ̀lú, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ní ọdún 1994, òun àti Mọ́yọ̀ọ̀lá ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Via Anelli, nílùú Padua ní Ítálì. Dára, ọmọ wọn obìnrin, ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá Ògúnjìnmí ní Ìsẹ́yìn. Ògúnjìnmí ríṣẹ́ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan, Signor Bepi, tó ń fọwọ́ di ọta fún àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn ṣeré ìdárayá. Bàbá náà ṣèlérí pé bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa títí di Kérésìmesì, òun yóò fọwọ́ sí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, fún un. Contratto yẹn ni wọn yóò fi gba ìwé tí Dára yóò fi wá.

Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á da ẹ̀tù sínú ìkarahun idẹ, wọ́n á fi ọta dí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀tù pátá ni bàbá ń kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n kékeré kan tí èémí lásán lè mì.

"Ẹ̀tù yìí kì í ṣe irú ti bàbá rẹ," ni Signor Bepi wí. "Inú yàrá tó há ló ti ń jó. Bó bá fi díẹ̀ lé, agbára rẹ̀ á ju èyí tí irin lè gbà lọ. Ọta á sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin á là sẹ́yìn, sójú ẹni tó yìn ín."

Ògúnjìnmí rẹ́rìn-ín sínú. Àdó kékeré kan wà nínú àpótí rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi bu ẹ̀tù fún ogójì ọdún, tí kò gbé e sórí ìwọ̀n rí. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọdẹ kó ẹrù ọdẹ rẹ̀ lọ sígbó bí àṣà wọn, kí òkú má bàa padà wá bèèrè. Ògúnjìnmí yọ àdó náà nínú ẹrù, ó fi í sápò.

Mọ́yọ̀ọ̀lá rí i lọ́jọ́ kan. "Bàbá Dára, kí ni nǹkan igbó ń wá nílé onígbàgbọ́?"

"Ohun ìrántí ni."

"Òkú ló ni ín. Ẹ dá a padà o. Me, I no like am."

Ògúnjìnmí gba àdó lọ́wọ́ rẹ̀. Òrùka tí Mọ́yọ̀ọ̀lá fún un, tó máa ń wọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, kan ara àdó náà, ó dún.

Ní oṣù kọkànlá, Signor Bepi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Novara lọ wo ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní kí Ògúnjìnmí má da ẹ̀tù kankan láìwọ̀n ọ́n. Bó ṣe jáde tán ni Ògúnjìnmí ti òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú àdó jáde. Ó fẹ́ kí Signor Bepi dé kó bá ọta tó yára ju tirẹ̀ lọ, kó sì fọwọ́ síwèé lọ́gán.

Ó di ọta mẹ́ta, ó yin méjì nínú pápá ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rọ tó ń ka eré ọta gbé iye tó ga jáde, ti ìkejì sì tún ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìdí ìkarahun ìkejì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn ìbọn kò sì ṣí àfi ìgbà tó fàtẹ́lẹwọ́ gbá a. Irin ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun kan tún wà. Bó bá ti da ẹ̀tù inú àdó tán, tó gbọ̀n ọ́n, tó sì dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀kejì, hóró díẹ̀ á tún jáde. Ẹ̀tù dúdú bí ti ilé ni, bẹ́ẹ̀ ti Signor Bepi rí bí eérú. Ó ní ojú ló ń tan òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bolẹ̀ débi pé igi ẹ̀yìn ilé kò hàn. Ó fi àdó sápò, ó ki ọta kẹta sínú ìbọn. Bó ṣe fẹ́ yìn ín, ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú ni, kò lè ṣì í mọ̀. Ó yíjú padà, ìka rẹ̀ sì ti fà á. Ìbọn là sẹ́yìn.

Ilé ìwòsàn ni Signor Bepi bá a. Ọwọ́ ọ̀tún ti lọ dé ọrùn ọwọ́, ojú ọ̀tún ti fọ́. Dókítà ní ká ní kò yíjú ni, ojú méjèèjì ni ì bá lọ. Bàbá náà sunkún, ṣùgbọ́n kò dárúkọ contratto mọ́. Àdó kò sí nínú àpò rẹ̀ mọ́; wọ́n wá òun àti òrùka nínú koríko títí, wọn ò rí wọn.

Ọdún mẹ́ta ni Mọ́yọ̀ọ̀lá fi ń tọ́jú arúgbó nílé onílé ní Verona kí ìwé Dára tó jáde. Ọmọ náà ti pé mẹ́sàn-án nígbà tó wọlé. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sún mọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá ó kúnlẹ̀, ó mú nǹkan kan jáde nínú báàgì.

"Bàbá, màmá àgbà ní kí n fún yín. Wọ́n ní àwọn ọdẹ bá a nínú igbó, níbi tí wọ́n kó ẹrù bàbá àgbà sí."

Àdó náà ni. Ẹnu rẹ̀ ti jó, òrùka tó sọnù náà sì há sí i lọ́rùn. Ògúnjìnmí na ọwọ́ ọ̀tún láti gbà á, kó tó rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ògúnjìnmí, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tó gbé bàbá ẹni já nínú igbó lè má gbé ọmọ já níbòmíràn. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí a wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Bí irin bá sì ń kìlọ̀, ẹ jẹ́ ká dúró. Ohun tí a bá sì ti gbé fún òkú, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ tòkú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.