Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Ambrose Fi Du Àna Rẹ̀

Ambrose Ọlábọ̀wálé kì í jalè, kì í sì í mutí yó. Ìgbéraga ni àrùn tó ń bá a jà. Kò kó o nínú oko, kò kó o nínú ìwé. Inú sinimá ló ti kó o.

Nígbà náà, owó epo rọ̀bì ń ṣàn. Owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ Òmù-Àrán tó wà ní Èkó sì ń gbé rédíò àti fáànù bọ̀ wálé bí ọdún bá dé. Èkó ni Ambrose ti ń ránṣọ. Kò sí Sátidé tí kì í lọ wo fíìmù àwọn ará Ṣáínà, níbi tí ọkùnrin kan ṣoṣo ti ń fi ìpá tú odidi agbo ká. Ó ra àwòrán ìlúmọ̀ọ́ká oníjà wọn kan, ẹni tó kú ní rèwerèwe tí òkìkí rẹ̀ kò bá a kú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Títí dé ibí yìí, n kò lè bá a wí. Akọni ni akọni í jẹ́, ibi yòówù kó ti wá.

Ìgbà tó padà sílé ní Òmù-Àrán wá ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ní ará Ṣáínà kan ló kọ́ òun ní kúnfú ní Èkó. Irọ́ ni. Ará Ṣáínà kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ó rán ṣòkòtò dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀já pupa di ìbàdí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń pè é ní Ọ̀gá Kúnfú. Láti ìgbà náà ló ti ṣíwọ́ ìdọ̀bálẹ̀. Bó bá pàdé àgbàlagbà, á pa ẹsẹ̀ pọ̀, á gbá ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún mọ́ àtẹ́lẹ́wọ́ òsì, pá, á sì tẹ orí ba díẹ̀.

"Oníkúnfú kì í fi àyà kan ilẹ̀," ló máa ń wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Helen, tí wọ́n jọ gbé Èkó, kò gbà fún un. Ó ní, "Ambrose, ṣebí a jọ wo àwọn fíìmù yẹn ni. Ṣé o kò rí i bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń kúnlẹ̀, tí á fi iwájú orí kanlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ìyẹn tó kọ́ ọ ní ohunkóhun?"

Ambrose ronú díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé ibẹ̀ ni mo máa ń dìde lọ ra ẹ̀pà."

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá jáde.

Ó wá ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fi ṣaya. Eunice lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Èsìẹ́. Ambrose fẹ́ràn ọmọ yìí tọkàntọkàn. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹbí lọ tọrọ rẹ̀, Eunice wá bẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Ambrose, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kúnfú sílé lọ́jọ́ náà. Bàbá mi kì í fi ìkíni ṣeré. Bí ẹ kò bá dọ̀bálẹ̀, wọn ò ní fi mí fún yín."

"Fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, á wù wọ́n."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Bàbá Eunice, Jòhánù Ògúntúndé, àgbẹ̀ tó tún jẹ́ alàgbà ìjọ, jókòó láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Ambrose nà gbalaja sílẹ̀. Ambrose nìkan ló dúró bí òpó. Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó gbá ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àtẹ́lẹ́wọ́, pá.

Àwọn obìnrin tó ń kọrin gbé orin mì. Bàbá Jòhánù ṣí fìlà, ó gbé e lé aya rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé èmi lo ń ṣe báyìí sí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Bí a ṣe ń kí àgbà nínú kúnfú nìyẹn."

"Ó dára. Nígbà èwe tiwa níbí, ẹni tó bá gbá ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àtẹ́lẹ́wọ́ lójú ẹni, ìjàkadì ló ń peni sí. Ẹni tí wọ́n pè tí kò jáde, ojo ni. Mo ti di alàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì di ojo."

Ó bọ́ agbádá. Àwọn ará ilé ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé láti Èsìẹ́ dé Òkè-Onígbìn, kò sí ẹni tó dá Jòhánù rí nígbà tó ń jà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ambrose lọgun, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè bó ṣe rí i nínú fíìmù. Bàbá gbá ẹsẹ̀ náà mú lókè níbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọ́ èyí tó kù, ó sì rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Ambrose na gbalaja, tàyà timú nínú erùpẹ̀.

Tìjání ọ̀rẹ́ rẹ̀ tètè fọhùn láti ilẹ̀ tó wà. "Bàbá, òun náà ti dọ̀bálẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa Ambrose dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù.

"Ìdọ̀bálẹ̀ tí ènìyàn bá fúnra rẹ̀ ṣe ni ti àna," ó wí. "Èyí tí wọ́n bá bá ènìyàn ṣe, ti ìjàkadì ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ mumi. Ṣùgbọ́n n kò ní ọmọ tí màá fi fún ẹni tí kò lè kí mi."

Ìgbà yìí ni Ambrose wá dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń bẹ̀. Bàbá ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun kò yí ọ̀rọ̀ òun padà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ambrose yíjú sí Eunice, bóyá ìyẹn á bá a sọ̀rọ̀. Omi ti kún ojú ọmọ náà.

"Bọ̀ọ̀dá Ambrose, ìdọ̀bálẹ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín," ó wí, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí ọdún yípo, ọkùnrin kan láti Bàbáńlá ló gbé Eunice níyàwó. Kò mọ kúnfú rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí kọ́ rèé. Kò sí aburú nínú kéèyàn fẹ́ràn akọni ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá nìkan kọ́ ni ogún tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìtẹríba fún ẹni tó kọ́ wọn ló ṣáájú. Ẹni tó mú ìjà wọn tó fi ìwà wọn sílẹ̀, èèpo ló mú, ó ju ọsàn nù. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ pàdánù kú ilé. Ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ilẹ̀ kì í gbé àyà ẹni jẹ.