Ṣíi-Ká-Wò àti Àpótí Ekòló

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Ẹ má bi mí nípa ọgbà, ẹ má sì bi mí nípa ìgbéyàwó. Bí mo bá gbin ewébẹ̀, kòkòrò ló ń bá mi kórè rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ní ilé tó fara ti tiwa nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin kan ń gbé níbẹ̀ tí ìfura ti ba ayé rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ àgádágodo ló ń ṣe: ó ń gé kọ́kọ́rọ́, ó ń ṣí ilẹ̀kùn tó bá há. Àwa aládùúgbò kì í pe orúkọ rẹ̀. Ṣíi-Ká-Wò là ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni bò tí kò ní ṣí.

Bí ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, bá ti ìta dé, á tú àpò rẹ̀ sórí tábìlì. Bí obìnrin náà bá gbé ìkòkò kaná, á ṣí ìdérí rẹ̀. Kì í ṣe ebi ló ń pa á. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iye ẹran tó wà nínú ìkòkò bá iye tí wọ́n rà mu ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a wí, á ní, "Ìfura loògùn àgbà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé odindi ìgò oògùn mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ìgbà kan wà tí èrò máa ń kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fọ́fọ́. Àfi ìgbà tí obìnrin kan gbé àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ nù wá, tó padà wá bá a níbi tó ti ń ka àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló tún fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí iṣẹ́ dẹ̀, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń jẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dá a, agbára ọgbà náà sì wà nínú àpótí pákó kan tó wà níbòòji ògiri. Ekòló ló kún inú rẹ̀. Ìyá obìnrin náà ló bu ìwọ̀nba fún un kó tó kú, bí ìyá ẹlòmíràn ṣe ń fi wúrà sílẹ̀. Obìnrin náà á ri èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin àti ewé tíì sí igun àpótí, á fi bébà tútù bò ó, á sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Tó bá yá, ilẹ̀ dúdú tó kúnná bí ìyẹ̀fun ló máa bù níbẹ̀ sídìí tòmátì. Tòmátì tèmi, lódìkejì ògiri, kì í lè wo tiwọn lójú.

Ni ọmọ wọn obìnrin bá bímọ. Ìyá di ẹrù, ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí àpótí yẹn. Mo ti fún wọn ní oúnjẹ tó máa tó wọn. Wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ kàn gbàgbé pé ó wà níbẹ̀."

"Èwo ni má ṣí i? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ekòló ni."

"Ekòló nìkan?"

Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ ti tú gbogbo ohun tí mo ní wò. Ohun tó kù fún mi látọwọ́ ìyá mi nìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan yìí sílẹ̀ fún mi."

Ọkọ̀ tó gbé e kò tíì kọjá kọ́nà tí Ṣíi-Ká-Wò fi dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ká bébà sókè, àwọn ekòló bá rì wọlẹ̀.

"Ẹ wò wọ́n! Wọ́n ń sá! Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń sá fún?"

Onígbàjámọ̀ ọ̀ọ́kán wọn, tó wá yá àkàbà, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ó ti wá kan ekòló?"

"O ò mọ obìnrin. Nǹkan wà nísàlẹ̀ àpótí yìí."

"Nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́: ìgbẹ́ ekòló ni. Ẹ bò ó jàre."

Kò bò ó. Ojoojúmọ́ ló ń ṣí i, tó ń fi igi ro inú rẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó gbé àpótí náà, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí sìmẹ́ńtì nínú oòrùn ọ̀sán, kó lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Kí ló rí? Pákó. Kó tó yẹ pákó náà wò tán, oòrùn ti yan ìdajì àwọn ekòló, èèrà àti adìyẹ aládùúgbò sì ti pín ìyókù. Ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Ó gbá ohun tó kù padà sínú àpótí, ó sì fi bébà bò ó dáadáa, bí ẹni tó ń sin òkú.

Òórùn ló pàdé ìyàwó rẹ̀ nígbà tó dé. Ó ká bébà náà sókè. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wá?"

"Mo kàn wò ó ni."

"Kí lẹ wá rí?"

Ọkùnrin tó ń ṣí gbogbo àgádágodo fa bébà náà bo àpótí padà.

"Wọ́n ń bọ́ yín," ni obìnrin náà wí, "òkùnkùn nìkan ni wọ́n sì bẹ̀ yín fún. Ẹ ò lè fún wọn."

Lọ́jọ́ kan tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá ilẹ̀kùn ilé ní ṣíṣí gbayawu. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣí, dúrọ́ọ̀ ṣí, gbogbo ìkòkò kò ní ìdérí. Kò sí nǹkan kan nínú èyíkéyìí wọn. Níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń wà, àbàwọ́n òróró ló kù sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lórí tábìlì. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù títí. Ọmọ kò gbé e. Kò tíì fojú kan ìkókó náà di òní. Ọgbà ti gbẹ. Mo máa ń rí i lẹ́yìnkùlé, tó ń ká bébà orí àpótí òfìfo yẹn sókè, tó ń wò ó.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ohun tó ń ṣe wá lóore kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ lójú wa. Ìfura díẹ̀ ń ṣọ́ ilé, àpọ̀jù rẹ̀ ló ń tú u. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tí kò bá lè fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ ní bíbò fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bá gbogbo rẹ̀ ní ṣíṣí, tí kò sì ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ tó ń fi Ṣíi-Ká-Wò rẹ́rìn-ín yìí, àpò ta lo tú lánàá?