Kásẹ́ẹ̀tì Tí Bàbá Ìyàndá Kò Gbà

Ẹnu Bàbá Ìyàndá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tí Jacob ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò yáni pa. Nígbà ayé sinimá, Ìyàndá ló ń yí ẹ̀rọ fíìmù l'Óṣogbo, nítorí náà gbogbo ará ojú ọ̀nà Awo, níbi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, gbà pé kò sẹ́ni tó mọ àwòrán bíi tirẹ̀. Bó bá ti bú kásẹ́ẹ̀tì kan, kò sẹ́ni tó tún ń yá a. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ṣọ́jà ti gbàjọba tí ọjà òkè òkun sì di ọ̀wọ́n gógó, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo gan-an kò ṣeé rí rà.

Fíìmù tó dá wàhálà sílẹ̀ náà ti pẹ́, dúdú àti funfun lásán ni: ọlọ́pàá kan ń dọdẹ obìnrin apànìyàn láàárín òjò àti òjìji. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Jacob gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá dá a padà.

"Ṣíọ̀! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Inú àpò èédú ni wọ́n ti ya èyí. Àbí, Kúlúsúmù?"

"Ó ṣókùnkùn lóòótọ́, Bàbá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, obìnrin tí kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ fún eruku ọyẹ́ láìbò. Ó gbé ife tíì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ká ìka rẹ̀ mọ́ ọn.

Jacob yínmú. Odidi àgbà, tí wọ́n ń fi ife há lọ́wọ́ bí ọmọ jòjòló! Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, ló ń wí nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde.

Ó wá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó yá ojúlówó tí wọ́n gbé ti òkè òkun bọ̀. Òjò inú rẹ̀ ń dán, irun ìpéǹpéjú obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé kà. Bí Bàbá bá gba èyí, ṣọ́ọ̀bù yè. Bí kò bá gbà á, ó di kí Jacob lọ máa ro oko ẹ̀gẹ́ l'Álájùé.

Kúlúsúmù ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó dé. Bàbá nìkan ló wà ní pálọ̀, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Jacob ni, sà. Ẹ kú ọ̀sán. Mo ti rí ojúlówó."

"Tì í bọ ẹ̀rọ. Jẹ́ n rí ohun tí n ó fi ọ́ ṣẹ̀sín."

Jacob ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú fíìmù, ìbọn dún. Bàbá pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Òjìji lásán náà nìyí! Olójú-má-ríran, ìwọ náà wò ó! Ṣé o rí ojú obìnrin yẹn?"

Ọwọ́ Jacob ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà sí aṣọ funfun tí Kúlúsúmù fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n náà ni, kò tíì ká a kúrò.