Dúkìá Tí Kò Ṣeé Gùn

Ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ẹlẹ́gàrí Ìlaròó ti gbóná ju agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí lọ.

Ìdírísù, akápò wọn, dúró láàárín bí ẹni tó jí ewúrẹ́.

Láísẹ́ǹsì sọ́fúwíà àlòkù, ìyẹn àṣẹ láti lo ètò ìṣirò kan, ló fowó ẹgbẹ́ rà, èyí tí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ fi ń ṣírò. Dípò kó kọ ọ́ sí ìnáwó ọdún yìí, dúkìá ló kọ ọ́ sí, kó lè pín owó rẹ̀ sórí ọdún mẹ́rin.

Bí wọn ò bá gbà, ipò rẹ̀ lọ lónìí.

"Bí a bá ra ọ̀kadà àlòkù, ṣebí dúkìá ni?" ó bi wọ́n.

"Ọ̀kadà ṣeé gùn!" Ẹ̀gbọ́n wa Roheemat ló fèsì, ẹ sì mọ ẹnu àwọn obìnrin Ìlaròó wa. "Gun tìẹ ká wò ó!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Afẹ́fẹ́ lo rà! Ta ló tilẹ̀ lù ẹ́ ní jìbìtì báyìí?" Ẹ̀gbọ́n Roheemat tún bi í.

Ìdírísù ti ṣèlérí fún ẹni tó tà á fún un pé òun ò ní dárúkọ rẹ̀.

Bàbá Fágbénró, alága, na ọwọ́. "Mú ìwé tí wọ́n fi tà á wá."

Ìwé jáde lápò.

Ẹ̀gbọ́n Roheemat dìde fùú. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ á bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé gbogbo dúkìá lojú ń rí ni? Ta ló rí ẹ̀mí rí? Bàbá, ẹ fọwọ́ sí i ká máa lọ sílé!"

Ṣùgbọ́n Bàbá ti wọ awò ojú rẹ̀.

"'Èmi, Roheemat Bàrúwà, ni mo ta dúkìá mi yìí…'"

Ó ká ìwé náà pọ̀ jẹ́jẹ́.

"Roheemat, ọmọ mi, gùn ún ká wò ó."