Mọ́ínmọ́ín Ọjọ́ Jímọ̀

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, Alhája Bùsírátù a gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín kan sẹ́nu ọ̀nà Mobọ́lájí, ọmọbìnrin tó háyà yàrá kan nínú ilé rẹ̀ ní Ìtòkú. Mẹ́ta ni mọ́ínmọ́ín náà máa ń jẹ́, ó sì máa ń fi ewé dì wọ́n dáadáa. Iyọ̀ inú wọn tó èyí tí èèyàn lè fi tọ́jú ẹja fún oṣù kan.

Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà èwe ló ti ń ta àdìrẹ, ojú rẹ̀ ṣì mú débi pé ó lè dá ayédèrú mọ̀ láti òdìkejì títì. Ahọ́n rẹ̀ nìkan ló ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Mobọ́lájí gé mọ́ínmọ́ín yẹn jẹ, ife omi mẹ́rin ló mu, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Kò lè sọ ọ́. Ìyá tirẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Èkó ni Mobọ́lájí ti ń ṣiṣẹ́, a kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì dé ní ìrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo Abẹ́òkúta, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé àga síta láti máa wo ọ̀nà títí yóò fi dé, Alhája sì ni. Bí ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín bá lọ bí i nínú, tó gbé àga rẹ̀ wọlé, kò sí ẹni tí yóò tún máa retí Mobọ́lájí mọ́. Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù.

Ló bá wá ọgbọ́n dá. Ọmọ Alhája ti ra àgbò Iléyá wá láti Papalanto, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n so ó mọ́, nítòsí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọ̀gá ni gbogbo ilé ń pè é. Ní ìdájí Sátidé, Mobọ́lájí a yọ́ lọ bá a, a tú ewé, a kó mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀. Ọ̀gá a jẹ ẹ́ tán, a sì lá ewé pẹ̀lú.

Ó wá ku abọ́. Nílé yẹn, wọn kì í dá abọ́ oúnjẹ padà lófìfo. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á béèrè ẹni tó tọ́ ọ. Nítorí náà, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni Mobọ́lájí máa ń sè kún un ní Sátidé, kò sì fi ìrẹsì rẹ̀ ṣeré rárá. Ó máa ń jẹ́ kó jóná nísàlẹ̀, kó lè ta sánsán bíi ti ibi ìnáwó. Christianah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò rí, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ń gbààwẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni, àwọn méjèèjì sì ti jọ jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Mobọ́lájí kí i kú ààwẹ̀.

Alhája kì í jẹ tirẹ̀ lójú ẹni. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gba abọ́ náà, a ṣàdúrà gígùn, a ní òun á jẹ ẹ́ bí òun bá kírun tán. Kó tó di alẹ́, abọ́ á ti mọ́ tónítóní. Inú Mobọ́lájí a dùn.

Ọ̀gá ń sanra. Ó kọ koríko, ó kọ èèpo iṣu. Ètè rẹ̀ pupa ṣáá. Mobọ́lájí rò pé ata inú mọ́ínmọ́ín ni. Bí ìrẹsì bá sì ti ń jóná lórí sítóòfù, àgbò náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹ̀yìnkùlé. Mobọ́lájí gbà pé ìmoore ni.

Lóṣù tó kọjá, ọ́fíìsì wọn ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ní kí wọ́n máa ṣe ohun kan tó gba ìgboyà àti oore kan lójoojúmọ́, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí. Christianah bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ó sọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì wọn pé ó ti ń dá wọn dúró pẹ́ jù lẹ́yìn àsìkò iṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Mobọ́lájí ní tirẹ̀ kò lè yé ronú nípa Alhája, ẹni tó fẹ́ràn òun tí òun ń tàn jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú tì í gan-an.

Ní Sátidé, ó se ìrẹsì, ó gbé abọ́ lọ, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Iyọ̀ mọ́ínmọ́ín yín ti pọ̀ jù. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Alhája gbé abọ́ ìrẹsì lé itan, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́ tí mi ò ti mọ adùn iyọ̀ mọ́," ó ní. "O ṣé, ọmọ mi. Èèyàn gbọ́dọ̀ láyà kó tó lè sọ irú ẹ̀ fún àgbà."

Mobọ́lájí bi í bóyá kò ní í gbé àga rẹ̀ wọlé. Alhája ní ṣé mọ́ínmọ́ín ni òun ń jókòó dè níta ni? Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ìgboyà sì wá ń gùn ún. Ó ní kí ìyá náà má ṣe fi ohunkóhun pa mọ́ fún òun, bí ìrẹsì òun bá ní àléébù, kó sọ ọ́.

Alhája yíjú sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ọ̀gá ti ń ké.

"Ìrẹsì rẹ?" ó ní. "Kò ṣẹ́ kù sínú abọ́ rí."

Mobọ́lájí ṣèlérí pé láti Sátidé tó ń bọ̀, ìlọ́po méjì ni òun á máa sè. Ó fò sókè lọ fọ aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó lọ ká wọn, orin ló ń kọ lẹ́nu.

Kó tó ká aṣọ kejì, ó gbọ́ ohùn Alhája ní òdìkejì okùn, ó fi ọwọ́ ti aṣọ ìbùsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó ń ha ìrẹsì inú abọ́ síwájú àgbò, tó ń bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ pé, "Jẹ ẹ́, Ọ̀gá, fara dà á bó o ṣe máa ń ṣe, ọmọ náà ò níyàá mọ́, èmi ò sì láyà bíi tiẹ̀."